Àyẹ̀wò puráímà Zinsser B-I-N lára ògiri onípákó ilé ọdún 1956

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí a kun yàrá abẹ́lẹ̀ wa ní ọ̀dà funfun, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ kó aṣọ tí mo fọ̀, mo tan iná, ẹsẹ̀ mi sì dúró lójú kan. Gbogbo ibi tí kókó wà lára pákó ògiri náà ni ó ti yọ àwọ̀ pupa rúsúrúsú jáde lójú ọ̀dà funfun, róbótó-róbótó, tí àárín wọn dúdú díẹ̀, bí ẹyinjú ẹni tí ibà pọ́njú ń bá jà. Mo ka mẹ́rìndínlógójì lára ògiri kan ṣoṣo kí n tó pa iná náà tí mo gòkè padà. Ọ̀dà yẹn kò tíì pé oṣù kan, owó iṣẹ́ rẹ̀ kò sì kéré lọ́wọ́ wa.

Ilé náà wà ní Prince George's County ní ìpínlẹ̀ Maryland, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní àdúgbò tí àwa ọmọ Yorùbá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ra ẹ̀wà olóyin àti epo pupa láìwọ mọ́tò jìnnà. Ọdún 1956 ni wọ́n kọ́ ọ. Ọwọ́ àwọn ọmọ ìyá àgbà kan tí ó kọ́kọ́ gbé inú rẹ̀ ni èmi àti ọkọ mi ti rà á, ìyá náà kò sì yí ohunkóhun padà lára ògiri rẹ̀ títí ó fi fi ayé sílẹ̀. Èyí ni ó jẹ́ kí ilé náà wù wá, òun náà ni ó sì kó wa sí wàhálà. Ní ilé wa ní Nàìjíríà, búlọ́ọ̀kù àti simẹ́ǹtì ni ògiri, ọ̀dà tí ó bá gba ara ògiri kan yóò sì gba ara èkejì. Àwọn tí wọ́n kọ́lé ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun ìkọ́lé tuntun pọ̀ lọ́jà nígbà náà, wọ́n sì ń dán an wò lára ilé. Nínú ilé kan ṣoṣo yìí, páìnì oníkókó ni wọ́n fi bo ògiri yàrá abẹ́lẹ̀, pílááwúùdù igi lauan ni wọ́n fi bo ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, táìlì oníke ni ó wà ní ilé ìdáná, táìlì alámọ̀ aláwọ̀ píńkì sì ni ti balùwẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ọ̀nà tí ó ń gbà kọ ọ̀dà.

Puráímà, ohun tí a kọ́kọ́ ń kùn sára ògiri kí ọ̀dà gan-an tó tẹ̀ lé e, tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni B-I-N ti Zinsser, èyí tí wọ́n fi ṣẹ́lákì pò. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti lò ó, nítorí náà kì í ṣe ohun tí mo rí ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ ni mo fẹ́ ròyìn. Nínú gbogbo ohun tí mo fi kan ògiri ilé yìí, kò sí èyí tí ó dí àbàwọ́n mọ́lẹ̀ tó o, n kò sì rí èyí tí ó lẹ̀ mọ́ ara ohun dídán tó o. Ṣùgbọ́n agbára tí mo ń yìn yìí náà ni ó jẹ́ kí n máa bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá ni irú ilé yìí pé kí ó má ṣe tètè ṣí ìdérí agolo náà, nítorí ohun tí ó bá ti bò, ó ti bò ó lọ. Mo ní ògiri kan tí mo fi ọwọ́ ara mi bò, tí ó ń dùn mí títí di òní.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fà á tí ọ̀dà àkọ́kọ́ fi bàjẹ́, nítorí ẹni tí kò bá mọ ìdí yóò kàn máa da owó sórí owó ni. Kókó ara páìnì ni ibi tí ẹ̀ka ti yọ lára igi nígbà tí igi náà wà láàyè, oje sì máa ń sá pamọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú àwọn èròjà igi mìíràn tí wọ́n ní àwọ̀. Gígé tí wọ́n gé igi náà ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn kò pa oje yẹn. Nígbà tí a bá kun ọ̀dà olómi lé e lórí, omi inú ọ̀dà náà yóò wọ inú igi lọ, yóò rẹ àwọn èròjà wọ̀nyí, bí ọ̀dà bá sì ti ń gbẹ, omi tí ó ń jáde yóò máa kó wọn bọ̀ lókè. Bí a bá tún kun ọ̀dà lẹ́ẹ̀kejì, omi mìíràn ni a tún bù lé e. Ọ̀gbẹ́ni tí a gba iṣẹ́ náà fún kò mọ èyí, tàbí kí ó mọ̀ kí ó má kà á sí. Nígbà tí a pè é padà, ó kun ìpele kẹta lórí àwọn ojú pupa wọ̀nyẹn, ó gba owó mìíràn, kò sì ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí gbogbo wọn tún là.

Mo mọ irú ìpọ́njú yìí láti kékeré, n kò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni. Òrùlé ilé bàbá mi ní Ìbàdàn jò nígbà kan, omi òjò sì ya àwòrán aláwọ̀ ilẹ̀ sí àjà pálọ̀, ó fẹ̀ tó ojú atẹ́. Wọ́n tún òrùlé ṣe, kò jò mọ́, ṣùgbọ́n ọdọọdún tí Kérésìmesì bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ni ìyá wa máa ń ní kí wọ́n kun àjà náà, kí ó sì tó di Ọdún Àjíǹde àwòrán náà á ti padà síbi tí ó wà. Àwa ọmọ gbà pé òrùlé ṣì ń jò ní ìkọ̀kọ̀. Kò jò. Ọ̀dà olómi tí wọ́n ń kùn náà ni ó ń pe àbàwọ́n jáde.

Bàbá kan tí ó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ó ti ń kun ilé ní ìhà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó la ọ̀rọ̀ náà yé wa. A pàdé rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, ó sì fi inú rere yà wá kí ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e. Ó fi ìka kan ògiri náà, ó fi èékánná ha ojú kókó kan, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Omi ni wọ́n gbé lọ pàdé oje, ìyàwó,” ni ó wí. “Oje á máa bá omi jáde ni.”

“Kí ni kí a wá ṣe, Bàbá?”

“Ẹ ra èyí tí wọ́n fi ṣẹ́lákì pò. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé. Ẹ má sì jẹ́ kí iná kankan wà nítòsí títí yóò fi gbẹ.”

Ṣẹ́lákì kì í ṣe ohun tí wọ́n pò pọ̀ nínú ilé-iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kòkòrò wẹ́wẹ́ kan ní Íńdíà àti Thailand ni ó ń ṣe é. Kòkòrò náà máa ń fa omi ara igi mu, á sì máa tú ohun kan tí ó dà bí oje jáde láti fi bo ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka igi. Ohun yìí ni wọ́n máa ń ha kúrò, tí wọ́n máa ń yọ́, tí wọ́n máa ń sẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ kí ó tó dé ọjà. Òun ni wọ́n fi ń bo ara àwọn oògùn oníhóró kan kí ó lè dán, òun náà ni ó wà nínú àwọn àwo dúdú tí àwọn bàbá wa àgbà ń gbé sórí gíráámáfóònù láti gbọ́ sákárà, àwọn tí ó máa ń fọ́ bí àwo ìjẹun bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Ọdún 1849 ni William Zinsser bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ ṣẹ́lákì rẹ̀ ní New York, Rust-Oleum ni ó sì ni orúkọ náà lónìí. Ohun tí ó mú ṣẹ́lákì wúlò fún ọ̀ràn tiwa ni pé sípíríìtì ni ó ń yọ́ ọ, kì í ṣe omi. Kò sí omi nínú rẹ̀ tí yóò rẹ èròjà inú kókó, bí ó bá sì ti gbẹ tán, omi inú ọ̀dà tí a bá kùn lé e lórí kò ní rí ọ̀nà gbà kọjá sínú igi. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn ìyá tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta yóò tètè lóye rẹ̀: ibi tí wọ́n bá fi ìyẹ́ ya ẹ̀kọ láfún sí lára aṣọ, aró kò lè débẹ̀, bí ó ti wù kí wọ́n rì í tó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n máa ń ha ẹ̀kọ kúrò lára aṣọ ní ìgbẹ̀yìn, ṣẹ́lákì sì ń dúró.

Iṣẹ́ náà gan-an gba ìmúrasílẹ̀ ju kíkùn lọ. Ìyá tí ó ni ilé tẹ́lẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ mu sìgá nínú yàrá yẹn fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ nu igun kan tí ọ̀gbẹ́ni ọ̀dà kò dé, omi inú korobá di àwọ̀ tíì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. A fọ gbogbo rẹ̀, a jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ méjì. Fún férémù ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé, èyí tí wọ́n ti kùn láti ayébáyé, a kò fi sáńpépà kàn án rárá kí a tó ṣe àyẹ̀wò òjé, irin olóró tí wọ́n máa ń pò mọ́ ọ̀dà láyé àtijọ́. Ọdún 1978 ni ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójèé nínú ilé gbígbé, nítorí náà ilé tí ó bá ti dàgbà ju ìyẹn lọ, kí ènìyàn gbà pé òjé wà lára ọ̀dà rẹ̀ títí àyẹ̀wò yóò fi fi hàn pé kò sí. Eruku rẹ̀ a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Láti ọdún 2010 sì ni òfin ti sọ pé òṣìṣẹ́ tí a bá sanwó fún láti tú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ béèrè fún un, ẹ má tijú.

Nígbà tí mo ṣí agolo B-I-N, ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bí ó ti ṣàn tó. Kò ki bí ọ̀dà. Ó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n ti bu omi lé. Funfun rẹ̀ a máa rì sí ìsàlẹ̀ agolo, nítorí náà ó yẹ kí a rò ó dáadáa, kí a sì máa rò ó bí iṣẹ́ ti ń lọ. Kò sí ìdí láti bu ohunkóhun lé e. Ó máa ń gbẹ ní nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ó sì ṣeé kùn lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ìṣẹ́jú 45. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí fún ẹni tí kò ní ju òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ, ṣùgbọ́n ó ní ìyà tirẹ̀: ibi tí búrọ́ọ̀ṣì bá ti kọjá, kí ó má padà síbẹ̀, nítorí yóò ti máa fà, yóò sì fi àmì ìlà sílẹ̀. Mo kọ́ láti máa kun pákó kan láti òkè délẹ̀ kí n tó kan èkejì. Ó tún máa ń ṣàn bọ́ sí apá, kò sì tètè ṣí kúrò lára àwọ̀ ènìyàn, nítorí náà ìbọ̀wọ́ pọn dandan.

Búrọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ tí mo lò, omi àti ọṣẹ ni mo fi fọ̀ ọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti gan bí igi ìdáná. Omi tí a po amóníà mọ́, tàbí sípíríìtì, ni ó ń fọ̀ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn èyí mo kàn ń ra búrọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú, mo sì ń sọ ọ́ nù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ òórùn rẹ̀ láìfọ̀rọ̀ pamọ́. Sípíríìtì ni, ó lágbára, ó sì lè kọ́ ènìyàn lójú. Ìbòmú aṣọ lásán kò lè dí i, èyí tí ó ní àsẹ́ fún èéfín kẹ́míkà ni kí ẹ lò. Ohun tí ó léwu ju òórùn lọ ni pé èéfín sípíríìtì a máa gba iná. Nínú irú ilé tiwa, yàrá abẹ́lẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná máa ń wà, iná kékeré kan sì máa ń jó lábẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru láìjẹ́ pé ojú rí i. A pa á, a fi fáànù sójú fèrèsé kí ó lè máa ti afẹ́fẹ́ síta, àwọn ọmọ sì lọ sùn lọ́dọ̀ àbúrò ọkọ mi. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, òórùn náà ti lọ pátápátá, òórùn sìgá tí ó ti wà níbẹ̀ kí a tó dé náà sì bá a lọ. Mo tẹ imú mọ́ ògiri láti mọ̀ dájú.

Mo ti fi pẹ́ńsùlù kékeré sàmì sí ẹ̀gbẹ́ àwọn kókó mẹ́rìndínlógójì yẹn. Lẹ́yìn ìpele àkọ́kọ́, mẹ́rin péré ni ó ṣì hàn, bí òjìji. Lẹ́yìn ìpele kejì, kò sí ọ̀kankan. A wá kun ọ̀dà olómi aláwọ̀ wàrà lé e lórí, a sì dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, oṣù mẹ́ta kọjá, ooru ọdún méjì ti kọjá báyìí, èyí tí ó máa ń mú oje rọ̀ nínú igi, kò sì sí ojú kan ṣoṣo tí ó là. Nígbà tí Bàbá ọmọ Ìjẹ̀bú tún yà wá kí, ó tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ara ògiri náà láti ẹ̀gbẹ́, ó mi orí, ó sì béèrè bóyá oúnjẹ wà nílé.

Àléébù kan wà tí kì í ṣe ti puráímà. Pákó páìnì wọ̀nyí wọ inú ara wọn ní ẹ̀gbẹ́, ìlà jíjìn kan sì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ní ìgbà òtútù, ẹ̀rọ amúlégbóná a máa gbẹ afẹ́fẹ́ inú ilé, pákó á sún kì, apá tí ọ̀dà kò dé nínú ìlà náà á sì yọ bí okùn pupa tẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí ohun inú agolo tí ó lè dá igi dúró kí ó má sún kì. Bí mo bá tún un ṣe, oṣù Jánúárì ni n ó kùn ún, nígbà tí ìlà wọn là jù, kí búrọ́ọ̀ṣì lè wọlé dáadáa.

Táìlì ilé ìdáná ni ó ya àwọn tí mo sọ fún lẹ́nu jù. Ike ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní polystyrene, wọ́n sì tà á gidigidi ní Amẹ́ríkà ní àsìkò tí wọ́n kọ́ ilé wa, nítorí pé ó fúyẹ́, owó rẹ̀ sì kéré sí ti táìlì alámọ̀. Bí a bá fi èékánná kàn án, ó máa ń dún bí abọ́ ike. Ewu rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n fi ń po ọ̀dà elépo, àti asitónì tí àwọn obìnrin fi ń nu èékánná, lè rọ̀ ọ́ tàbí kí ó yọ́ ọ pátápátá. Sípíríìtì kì í ṣe é ní nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí puráímà onísípíríìtì fi bá a mu. Mo kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn fíríìjì lára táìlì mẹ́rin, mo dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, mo fi èékánná ha á kíkan-kíkan, kò ṣí. Mo wá ṣe ìyókù. Ibi kan ṣoṣo tí ó ti ṣí láti ìgbà náà ni òkè kẹ́tù, níbi tí n kò fọ epo kúrò dáadáa; ẹ̀bi mi ni. Àwọn táìlì tí ó wà lẹ́yìn sítóòfù kò yẹ ní kíkùn rárá, nítorí ike lè gbiná, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀bẹ ṣí wọn fúnra rẹ̀: àwọn lẹ́ẹ̀mọ́ kan tí wọ́n ń lò nígbà náà ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, èròjà tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. A fi ti ẹ̀yìn táìlì wa ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò kí a tó pe àwọn tí ó ní ìwé ẹ̀rí wá tú u.

Ní balùwẹ̀, n kò kun táìlì píńkì náà. Ìgbà ìjọba Ààrẹ Dwight Eisenhower, láti ọdún 1953 sí 1961, ni balùwẹ̀ píńkì gbòde ní Amẹ́ríkà, ìyàwó rẹ̀ Mamie sì fẹ́ràn àwọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ṣẹ́lákì kò sì fẹ́ ibi tí omi ti ń dà sí i lójoojúmọ́. Àjà tí ó ní àbàwọ́n omi lókè rẹ̀ nìkan ni mo kùn, ìpele kan ni, ó sì tán síbẹ̀. Mo ronú kan ìyá mi lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ń dùn mí. Igi lauan láti Philippines ni wọ́n fi ṣe pílááwúùdù tí ó wà níbẹ̀, igi tí wọ́n ń tà nígbà náà ní Amẹ́ríkà ní orúkọ mahogany ti Philippines. Irú rẹ̀ náà ni ó wà lára ògiri ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tí Joseph Eichler kọ́ ní California, tí iye wọn tó nǹkan bí 11,000, àwọn tí ó ni ilé wọ̀nyẹn lónìí sì ń wá irú pákó náà kiri láti fi dípò èyí tí ẹlòmíràn ti kun lọ́dà. N kò mọ èyí nígbà náà. Ohun tí mo rí ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tí ó ṣókùnkùn, àti agolo puráímà tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi lẹ́yìn àṣeyọrí yàrá abẹ́lẹ̀. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà, mo sì ń wá ibi tí n ó tún ti lò ó. Wákàtí méjì péré ni mo fi bo ògiri náà láti òpin kan dé òpin kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí ó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti tò ó, mo sì rí i pé pákó kan náà ni ó wà nínú rẹ̀, tí n kò kùn. Mo fi aṣọ funfun àti ọṣẹ díẹ̀ nù ún. Ìdọ̀tí dúdú kúrò, ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ní àwọ̀ obì pupa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ìlà ara rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí irun, ó ń dán díẹ̀ nígbà tí mo bá yí orí. Òkùnkùn tí mo rò pé igi ni ó ń ṣe, èéfín sìgá ni. Aládùúgbò wa kan tí ó ti dàgbà, tí ó mọ ìyá tí ó ni ilé, wọlé ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri funfun náà, kò sì sọ nǹkan kan.

Mo gbìyànjú láti yọ ọ́. Lóòótọ́, sípíríìtì a máa yọ́ ṣẹ́lákì kódà lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nítorí náà mo mú pákó kan, mo ha ọ̀dà òkè kúrò, mo fi sípíríìtì rẹ ẹ́, mo sì nù ún. Ṣẹ́lákì tú. Ṣùgbọ́n ara lauan kún fún ihò tín-ín-tìn-ín-tín tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀fun inú puráímà sì ti wọ inú gbogbo wọn, ó jókòó síbẹ̀ bí ìyẹ̀fun nínú ìlà ọwọ́ ẹni tí ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Sáńpépà kò lè lé e bá, nítorí pé igi dáadáa tí ó wà lójú pílááwúùdù yìí kò nípọn ju ìwé páálí lọ. Mo ha á díẹ̀, igi àbẹ́ rẹ̀ yọ. Pákó yẹn ti bàjẹ́ báyìí, mo sì dá ọwọ́ dúró kí n má ba ìyókù jẹ́.

Nítorí èyí, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ará wa tí wọ́n ń ra irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ fọ ògiri náà, kí wọ́n pààrọ̀ gílóòbù iná sí èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀, kí wọ́n kun àjà ní funfun, kí wọ́n sì gbé inú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Bí igi náà bá ti ní ọ̀dà lára tẹ́lẹ̀, tàbí bí àbàwọ́n omi tàbí iná bá ti bà á jẹ́, B-I-N ni kí wọ́n rà láìjanpata. Yàrá abẹ́lẹ̀ wa, ẹlòmíràn ti kùn ún lọ́dà kí n tó gbé puráímà débẹ̀, n kò sì kábàámọ̀ ibẹ̀ rárá. Bí ó bá jẹ́ pé ojú igi náà ṣì wà bí káfíńtà ti fi í sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan náà ń ta ṣẹ́lákì tí kò ní àwọ̀, èyí tí ó ń jẹ́ Bulls Eye. Òun ni mo fi pa inú kọ́bọ́ọ̀dù náà lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́, ó sì mú igi náà jí.

Ní ti owó, gálọ́ọ̀nù kan lé ní 60 dọ́là ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á, èyí tí ó ju ti puráímà olómi lọ dáadáa. Gálọ́ọ̀nù kan ń bo nǹkan bí 300 sí 400 ẹsẹ̀ bàtà níbùú-lóròó, nítorí náà yàrá abẹ́lẹ̀ wa tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 20, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 8, gba gálọ́ọ̀nù mẹ́ta fún ìpele méjì. Gbogbo rẹ̀ kò tó ohun tí a san fún ọ̀gbẹ́ni àkọ́kọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀mejì tí ó wá. Ẹ wo ara agolo dáadáa kí ẹ tó sanwó: ọ̀kan wà tí wọ́n kọ Advanced sí ní ìparí orúkọ, omi ni wọ́n fi pò ó, òórùn rẹ̀ kò sì tó ti èkíní. N kò lo ìyẹn. Èyí tí mo ń ròyìn ni èyí tí wọ́n fi sípíríìtì pò, inú ilé sì ni ó wà fún. Ní ìta ilé, ojú kókó nìkan ni wọ́n ní kí a fi pa níbi tí ó bá pọn dandan, kì í ṣe gbogbo ògiri.

Agolo kan tí kò kún ṣì wà ní gáréèjì wa. Mo ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ tí mo ṣí i sí ara ìdérí rẹ̀, nítorí ṣẹ́lákì a máa darúgbó nínú agolo, èyí tí ó bá sì ti gbó kì í gbẹ dáadáa mọ́. Mo sì ti lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀dẹ̀dẹ̀, fún ẹni tí yóò ra ilé náà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ kan, láti sọ irú igi tí ó wà níbẹ̀, ọdún tí wọ́n fi í sí i, àti ohun tí mo fi pa á.